Ojúbọ Tí Ẹsẹ̀ Kò Dé, Igbó Ni Yóò Dà: Ohun Tí Mo Rí Ní Àwọn Tẹ́ńpìlì Àtijọ́ Ilẹ̀ Íńdíà

  Láti ìgbà tí mo ti ti ilẹ̀ Íńdíà dé, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn fi ń pàdé mi lójú ọ̀nà: kí ni babaláwo ń wá nílé òrìṣà ẹlòmíràn? Àwọn kan tilẹ̀ ń bi mí bóyá Ifá kò tó mi mọ́ ni. Ifá tó mi, ó sì ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Mo dé oko ẹlòmíràn, mo sì mú ọ̀rọ̀ bọ̀ tó kan gbogbo wa tí a ní ojúbọ nílé.

Àwa mẹ́tàlélógún ni a lọ. Ìyá àgbà kan ló kó wa lọ, olùkọ́ ẹ̀sìn Híńdù tí wọ́n bí sí erékùṣù Trinidad. Mataji ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ìyá, èmi náà sì ń pè é ní Ìyá. Ẹ má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ará Trinidad àti babaláwo jọ wọ ọkọ̀ kan náà. Ní 1845 ni ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ tó kó àwọn ará Íńdíà wá ṣiṣẹ́ oko ìrèké gúnlẹ̀ sí Trinidad, lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Wọ́n bá àwọn ọmọ Yorùbá níbẹ̀, tí wọ́n ń bọ Ògún, Ṣàngó àti Ọ̀ṣun. Wọ́n jọ gbé, wọ́n jọ jìyà, wọ́n sì mọ òrìṣà ara wọn. Títí di òní, àwọn ojúbọ kan wà ní Trinidad tí ẹ ó ti bá òrìṣà Híńdù àti tiwa lójú kan. Ọmọ awo mi kan tó ń gbé lọ́hùn-ún ló so èmi àti Ìyá pọ̀.

Kí a tó gbéra ni Ìyá ti fi òfin lélẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹran, a kò gbọ́dọ̀ mu ọtí. A ó máa wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàtà kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó tún ní bí a bá ti wọ ilé òrìṣà, kí á kọ́kọ́ kí òrìṣà, kí á yí i po, kí á tó tọrọ ohunkóhun. Èyí dùn mọ́ mi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa lónìí, wọn kò tíì kí Ọ̀rúnmìlà tán tí wọ́n fi ń ka ìṣòro.

Ilé márùn-ún fún ohun márùn-ún

Àwọn Híńdù gbà pé ohun márùn-ún ló gbé ayé ró: ilẹ̀, omi, iná, afẹ́fẹ́ àti òfúrufú. Ní gúúsù Íńdíà, tẹ́ńpìlì Shiva kan wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mẹ́rin wà ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ìkarùn-ún wà ní Andhra Pradesh tó bá a pààlà. Ìlú Chennai ni a ti wọ bọ́ọ̀sì, ọjọ́ mẹ́wàá ni a sì fi yí wọn ká.

Srikalahasti, ilé afẹ́fẹ́, ni a kọ́kọ́ dé. Wọ́n ní nínú yàrá òrìṣà tí afẹ́fẹ́ kò ní ibi tí yóò gbà wọlé, fìtílà kan wà níbẹ̀ tí iná rẹ̀ ń mì bí ẹni pé ẹnìkan ń mí sí i. Ẹranko mẹ́ta ló wà nínú orúkọ ìlú náà: aláǹtakùn, ejò àti erin. Ìtàn ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ Shiva níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú ohun tó ní. Aláǹtakùn ta òwú bo òrìṣà kí oòrùn má pa á, ejò gbé òkúta iyebíye wá, erin fi ọwọ́ ìjà rẹ̀ bu omi wẹ̀ ẹ́.

Ìtàn tó mú mi jù níbẹ̀ ni ti ọdẹ kan tó ń jẹ́ Kannappa. Ọdẹ yìí kò mọ bí a ti ń bọ òrìṣà. Ẹnu ló fi ń pọn omi wá, inú irun orí rẹ̀ ló ń ki òdòdó sí, ẹran ìgbẹ́ ló sì ń gbé síwájú Shiva, lẹ́yìn tó bá ti tọ́ ọ wò kó lè mú èyí tó dùn jù sílẹ̀ fún òrìṣà. Àwòrò tó ń tọ́jú ojúbọ náà bá ẹran níbẹ̀ láàárọ̀, ó sunkún, ó ní wọ́n ti ba ilé òrìṣà jẹ́. Shiva wá sọ fún un pé kó fara pamọ́, kó máa wò. Ojú kan ère náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Ọdẹ fi ọfà yọ ojú ara rẹ̀, ó fi dí i. Ẹ̀jẹ̀ náà dá. Ni ojú kejì bá tún bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ gbé ẹsẹ̀ lé ojú ère náà kó lè mọ ibi tí yóò fi ojú sí nígbà tí òun bá ti fọ́ pátápátá, ó sì fẹ́ yọ èyí tó kù. Níbẹ̀ ni Shiva ti dá a dúró. Lónìí, Kannappa wà lára àwọn ẹni mímọ́ 63 tí àwọn olùsin Shiva ilẹ̀ Tamil ń bọlá fún.

Ọmọ Ògún ni mo pè é nínú ọkàn mi. Mo sì rò ó pé ẹ̀yin tí wọ́n ń sọ fún lójoojúmọ́ pé ẹbọ yín dọ̀tí, ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ: ní ilé òrìṣà tí ẹ̀jẹ̀ kì í kán sí, ọdẹ tó gbé ẹran wá ni wọ́n ń fi kọ́ ọmọ wọn ní ìfẹ́ òrìṣà.

Ohun kan tún wà ní Srikalahasti. Ilé gogoro ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí Ọba Krishnadevaraya kọ́ ní 1516, wó lulẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2010. Nígbà tí yóò fi di 2017, òmíràn ti dúró síbẹ̀, wọ́n sì ti yà á sí mímọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, n ó padà sórí rẹ̀.

Ní Kanchipuram, ilé ilẹ̀, iyanrìn ni wọ́n ní ìyàwó Shiva fi mọ ère náà lábẹ́ igi máńgòrò. Nítorí náà, èèwọ̀ ni kí omi kàn án. Ní ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì Shiva yòókù, omi àti wàrà ni wọ́n fi ń wẹ ère, ṣùgbọ́n ti ibí yìí kò gbọ́dọ̀ rí i. Èèwọ̀ òrìṣà kò ṣàjèjì sí wa. A kì í fún Èṣù ní àdí, a kì í gbé ẹmu fún Ọbàtálá.

Òkè tí wọ́n ń fẹsẹ̀ bọ

Tiruvannamalai ni ilé iná. Tẹ́ńpìlì rẹ̀ tóbi, ilé gogoro ẹnu ọ̀nà ìlà oòrùn rẹ̀ ga tó mítà 66, ó sì ní àjà mọ́kànlá. Síbẹ̀, kì í ṣe ilé yìí gan-an ni wọ́n ń bọ. Òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀, Arunachala, òun fúnra rẹ̀ ni òrìṣà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nínú oṣù Karthigai tó máa ń bọ́ sí oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá tiwa, wọ́n máa ń dá iná ńlá sí góńgó rẹ̀, àwọn tó wà lọ́nà jíjìn á sì rí i.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ òkè yìí. Wọ́n á yí i po láìwọ bàtà, kìlómítà 14, pàápàá lálẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú. Alẹ́ òṣùpá ni Ìyá mú wa lọ. Mo ti rí èrò lọ́dún Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n ti ibí yìí kò lópin. Ìyá ọlọ́mọ pọn ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́ di fóònù mú, òṣìṣẹ́ ìjọba, alágbe, arúgbó tó fi ọ̀pá tilẹ̀, gbogbo wọn ń lọ sí apá kan náà. Kò sí ẹni tó ń lu ìlù fún wọn, kò sí àlejò pàtàkì, kò sí àga fún ẹnikẹ́ni. Ojúbọ mẹ́jọ wà yí òkè náà ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun ayé tirẹ̀. Wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á fi eérú mímọ́ sí iwájú orí, wọ́n á tún máa lọ.

Nígbà tí a dé ìdajì ọ̀nà, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti ń jó. Mo bi Ìyá pé èèyàn mélòó ni ìjọba ń sanwó fún láti wá rìn báyìí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún wọn, ìyá wọn ló mú wọn wá nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé sùn. Ní 1896, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 16 kan sá kúrò nílé, ó wá sí ẹsẹ̀ òkè yìí, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní 1950. Òun ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Ramana Maharshi. Òkè tí ẹnikẹ́ni kò bá rìn dé, báwo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe gbọ́ orúkọ rẹ̀?

Aṣọ ìkélé àti òpó àsíá

Chidambaram ni ilé òfúrufú. Ibẹ̀ ni Shiva ti ń jó, ẹsẹ̀ kan lókè, iná yí i ká. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère tó ń jó náà, wọ́n ta aṣọ ìkélé kan. Bí wọ́n bá ká a, kò sí ère kankan lẹ́yìn rẹ̀. Àyè lásán ni, pẹ̀lú ewé wúrà tí wọ́n so rọ̀. Àṣírí Chidambaram ni wọ́n ń pè é: Ẹni tó tóbi jù kò ní àwòrán. Mo dúró, mo rántí gbogbo ìgbà tí wọ́n ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a kò kọ́ ilé fún Olódùmarè, pé a kò mọ̀ Ọ́n ni a kò fi gbẹ́ ère Rẹ̀. Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Àwọn àwòrò Chidambaram ni wọ́n ń pè ní Dikshitar. Ìdílé ló ń gbé iṣẹ́ náà fún ìdílé. Ìjọba gbìyànjú láti gba àkóso tẹ́ńpìlì náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé ẹjọ́ náà títí dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Íńdíà, wọ́n sì jàre ní oṣù kìn-ín-ní 2014.

Gbogbo ilé òrìṣà kọ́ ló gba àlejò bákan náà. Ní ọ̀kan nínú àwọn tí a lọ, pátákó kan wà lẹ́bàá òpó àsíá tó wà nínú àgbàlá: ẹni tí kì í ṣe Híńdù kò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀. Irú òfin yìí wọ́pọ̀ ní Tamil Nadu. Ní oṣù kìn-ín-ní 2024, ilé ẹjọ́ gíga Madras pàṣẹ pé kí wọ́n dá irú pátákó bẹ́ẹ̀ padà sí tẹ́ńpìlì Palani.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa, tó ti London wá, bínú gidigidi. Ó ní òun ti náwó rẹpẹtẹ, òun kò fẹnu kan ẹran láti oṣù kan, ta ló lè sọ pé òun kò yẹ? Ó bẹ Ìyá pé kó sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ pé Híńdù ni gbogbo wa. Àwọn méjì mìíràn tì í lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ariwo. Ìyá ní òun kò lè fi irọ́ wọ ilé òrìṣà, ẹnikẹ́ni kò sì ní fi irọ́ wọ̀ ọ́ lórúkọ òun. Ó ní kí àwọn Híńdù inú wa máa wọlé lọ. Òun fúnra rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó lè dá a dúró, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà pẹ̀lú wa.

Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní kí ni èmi babaláwo rí sí i. Mo ní ọ̀gbẹ̀rì kì í wọ igbódù. Owó kò ṣí i, oyè kò ṣí i, ìtẹ̀fá ló ń ṣí i. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àlejò nígbà tí mo wà nílé, mi ò lè kọ̀ ọ́ nígbà tí èmi náà di àlejò. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Èmi náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí ilé ni ọkàn mi wà. Mo ti rí fọ́nrán igbódù lórí Facebook. Mo ti rí ọmọ awo tó fi ohun tí kò yẹ kí ojú ọ̀gbẹ̀rì rí ṣe ìpolówó, kí oníbàárà lè mọ̀ pé awo gidi ni òun. Ẹni tí kò ní òpó àsíá nílé tirẹ̀, kò lè ní kí àlejò mọ ibi tí ẹsẹ̀ dé.

Ohun tí ikán jẹ àti ohun tí ikán kò lè jẹ

Láti Chidambaram ni a ti lọ sí Thanjavur. Kò sí lára àwọn márùn-ún, ṣùgbọ́n Ìyá ní a kò lè kọjá lára rẹ̀. Ọba Rajaraja Chola ló kọ́ tẹ́ńpìlì ńlá ibẹ̀, ó sì parí ní 1010. Òkúta ni gbogbo rẹ̀. Ara ògiri rẹ̀ ni mo wò pẹ́ jù, nítorí ìwé ni wọ́n gbẹ́ sí i láti ìsàlẹ̀. Wọ́n kọ ohun tí ọba fi tọrẹ, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́. Nǹkan bí 400 obìnrin oníjó ni orúkọ wọn wà níbẹ̀, pẹ̀lú àdúgbò tí ilé oníkálukú wà àti ìpín ìrẹsì tí yóò máa gbà lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún, a ṣì mọ orúkọ obìnrin tó ń jó fún òrìṣà. Níhìn-ín, ta ló kọ orúkọ àwọn ìyá tó ń gbá ojúbọ wa ní ogójì ọdún sẹ́yìn?

Ọba yìí kan náà ni wọ́n ní ó wá àwọn orin ìyìn Shiva tó ti sọnù kiri. Ìtàn ní inú yàrá títì kan ní Chidambaram ni wọ́n ti bá wọn, lórí ewé ọ̀pẹ tí wọ́n fi ń kọ̀wé láyé ìgbà náà. Ikán ti jẹ púpọ̀ nínú wọn. Èyí tó ṣẹ́kù ni wọ́n ṣì ń kọ títí di òní.

Ikán kò rí Veda jẹ ní tirẹ̀, nítorí orí ni wọ́n kó o sí. Ilé ẹ̀kọ́ wà tí àwọn ọmọkùnrin kéékèèké ti ń jókòó níwájú olùkọ́, tí wọ́n ń ké e tẹ̀ lé e. Wọ́n kì í ké e lọ gbọọrọ nìkan. Wọ́n á mú ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní mọ́ ìkejì, wọ́n á yí i padà, ìkejì mọ́ ìkìn-ín-ní, wọ́n á tún un ké síwájú. Lẹ́yìn náà ìkejì mọ́ ìkẹta, bákan náà. Ọ̀nà mìíràn wà tó tún lọ́ jù báyìí lọ. Ọmọ tó bá kọ́ ọ báyìí, bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá yẹ̀, etí rẹ̀ á sọ fún un.

Àjọ UNESCO kéde kíké Veda ní 2003 gẹ́gẹ́ bí ogún ọmọ aráyé. Ní 2005, wọ́n kéde Ifá tiwa. Ní 2008, wọ́n kọ àwọn méjèèjì sínú ìwé kan náà. Ọmọ ìyá ni wá nínú ìwé yẹn. Ojú odù 16, ọmọ odù 240, gbogbo rẹ̀ 256, orí àwọn baba wa ni wọ́n kó o sí, láìní ògiri òkúta kankan. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: ọmọ awo mélòó ló ṣì ń jókòó ti ojúgbọ̀nà fún ọdún mẹ́wàá? Àwọn kan ń ka ẹsẹ Ifá lórí fóònù nídìí ọpọ́n. Bátìrì fóònù kò yàtọ̀ sí ewé ọ̀pẹ. Òun náà ní ikán tirẹ̀.

Ilé omi ni a fi parí, ní ẹ̀gbẹ́ Tiruchirappalli. Omi ń sun nínú yàrá òrìṣà náà. Lọ́sàn-án gangan, àwòrò ọkùnrin á wọ aṣọ obìnrin, á dé adé, á di Akilandeswari tó ń lọ bọ ọkọ rẹ̀. Àwọn kan nínú wa ń wò pẹ̀lú ìyanu. Ẹnu kò yà mí. Ẹ bá mi rántí ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ọkùnrin gìrìwò tó dirun bí obìnrin, tí a ń pè ní ìyàwó Ṣàngó.

Ààrò mẹ́ta

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ bọ Shiva. Mo ń sọ ohun tó mú ilé rẹ̀ dúró. Ààrò mẹ́ta ni: ẹsẹ̀, ẹnu àti èèwọ̀. Ẹsẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀, ẹnu tó ń ké ohun tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́, àti èèwọ̀ tí wọ́n kò tà. Ilé gogoro Srikalahasti wó, wọ́n sì tún un kọ́ láàárín ọdún méje, nítorí lọ́jọ́ tó wó, ẹsẹ̀ kò yéé lọ síbẹ̀. Tiwa ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọ̀pọ̀ wa ń dé ojúbọ, lọ́jọ́ ọdún, nígbà tí kámẹ́rà àti olóṣèlú bá wà níbẹ̀. Tí ọdún bá kásẹ̀ nílẹ̀, ewúrẹ́ ló ń jẹ̀ níbẹ̀. A máa ń dá àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn lẹ́bi pé àwọn ló pa ojúbọ wa. Ojúbọ tí mo rí tó kú ládùúgbò wa, ẹnikẹ́ni kò jó o, ẹnikẹ́ni kò wó o. Ọmọ onílé ni kò lọ síbẹ̀ mọ́.

Èmi àti àwọn ọmọ awo mi ti fẹnu kò. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ lásán tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún kankan, a ó kó àwọn ọmọ wa, a ó gba Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, a ó lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, a ó kí Ògún ní Iré-Èkìtì, a ó sì kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. A ó bọ́ bàtà wa. A ó gbá ilẹ̀ níbi tí wọ́n bá gbà wá láyè. Níbi kọ̀ọ̀kan, ọmọ tó kéré jù nínú wa ni yóò kọ́kọ́ sọ ohun tó mọ̀ nípa òrìṣà ibẹ̀, àgbà á sì fi kún un. Ibi tí wọ́n bá ní kí á dúró, a ó dúró.

Ẹ̀yin ilé Ifá yòókù, ẹ mú ọjọ́ tiyín. Kò gba owó ìjọba. Ẹ mú ọmọ yín lọ́wọ́ dání, kí òun náà lè mú tirẹ̀ lọ́wọ́ dání lọ́la.

Kí Ẹ̀dú má ṣe jẹ́ kí koríko hù lójú ọ̀nà ojúbọ baba wa. Àṣẹ. Ire gbogbo ni tiwa o.